Kí A Tó Fọwọ́ Kan Ère: Ìtọ́sọ́nà fún Wíwò àti Títọ́jú Àwọn Ère Ìta Gbangba Ìgbà Òmìnira ní Ilẹ̀ Àríwá

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo dé ọgbà iléeṣẹ́ kan ní Kaduna, mo sì bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí àkàbà tí ó ń fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kun ère símẹ́ńtì kan tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin tí ó ru ìkòkò ni ère náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú obìnrin tí a máa ń bá pàdé lójú pópó: ọrùn rẹ̀ gùn, orí rẹ̀ àti ìkòkò náà ti di ohun kan ṣoṣo, ihò ńlá kan sì wà ní àyà rẹ̀ tí ènìyàn lè gba ibẹ̀ rí ojú ọ̀run. Ẹni tí ó ṣe é fi ọwọ́ lásán tẹ símẹ́ńtì náà nígbà tí ó ṣì tutù, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àtàǹpàkò rẹ̀ fi hàn ketekete ní gbogbo apá òsì ère náà, bí ìgbà tí ọmọdé bá tẹ amọ̀. Ọ̀dà wúrà ti dí ojú àtàǹpàkò wọ̀nyẹn. Nígbà tí mo bi ọmọkùnrin náà pé kí ló dé, ó ní, "Bàbá, àlejò ńlá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni. Ọ̀gá ní kí ó máa dán." Kò ní èrò búburú kankan lọ́kàn. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó tilẹ̀ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé àwọn tí ó fẹ́ kí ère lẹ́wà ń ba ère jẹ́ ju àwọn tí ó kórìíra rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi to ìtọ́sọ́nà yìí báyìí: wíwò ni yóò ṣáájú, kíkọ sílẹ̀ ni yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni a ó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ère, kí ọ̀rọ̀ omi àti búrọ́ọ̀ṣì tó wáyé rárá. Bí ẹ bá dúró ní ìgbésẹ̀ kejì tí ẹ kò tẹ̀ síwájú mọ́, ẹ ti ṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba ń ṣe lọ.

Irú ère tí ọ̀rọ̀ yìí kàn

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì tí ó parí ní 1945, ère ìta gbangba yí padà káàkiri ayé. Ní àwọn ìlú Yúróòpù tí bọ́ǹbù ti wó, wọ́n gbé ère sí àárín ilé tuntun tí wọ́n kọ́ fún mẹ̀kúnnù, àwọn ère náà kì í sì í ṣe ti ọ̀gágun lórí ẹṣin mọ́, bí kò ṣe ti ìyá àti ọmọ, ti ara ènìyàn tí ó dà bí òkè àti àfonífojì, tàbí ti ìrísí kan tí kò ní orúkọ rárá. Henry Moore àti Barbara Hepworth ni òkìkí wọn kàn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òmìnira ni ìyípadà náà bá rìn. Ben Enwonwu, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, ṣe ère idẹ tí ó pè ní Anyanwu láàárín 1954 sí 1956, ó sì ṣe Ṣàngó onídẹ tí wọ́n gbé síwájú iléeṣẹ́ mànàmáná ní Marina, l'Ékòó, ní 1964. Ní Zaria, ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó di Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Simon Okeke wà nínú ẹgbẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni Yusuf Grillo ọmọ Èkó; Jimoh Akolo ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Okun náà kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nígbà náà. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí oníṣẹ́ ọnà mú èyí tí ó wúlò nínú ẹ̀kọ́ òyìnbó, kí ó sì pò ó mọ́ èyí tí ó gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀, kí àdàlù náà má sì hàn bí aṣọ àlẹ̀pọ̀.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970 tí owó epo sì wọlé, tí a yan ilẹ̀ Abuja fún olú-ìlú ní 1976, tí ìjọba sì kó wá síbẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1991, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí a ń bá pàdé ní oríta, ní ọgbà ilé-ìwé, ní iwájú ilé ìwòsàn. Símẹ́ńtì ni púpọ̀ nínú wọn, nítorí pé idẹ wọ́n, símẹ́ńtì sì wà lọ́wọ́ gbogbo bírikìlà. Kí a má fi ojú kéré símẹ́ńtì. Bírikìlà ni Adébísí Àkànjí kí òun àti Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria, tó jọ ṣiṣẹ́ ní igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, símẹ́ńtì lórí irin sì ni púpọ̀ nínú àwọn ère tí ó wà nínú igbó tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wò ó, kí ẹ sì pẹ́ níbẹ̀

Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan náà, ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀ àti ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan ní Abuja máa ń mú kí gbogbo nǹkan rí pẹrẹsẹ, òjìji a sì sá pamọ́ sábẹ́ ère. Oòrùn tí ó ń tàn láti ẹ̀gbẹ́ ni ó ń fi ibi tí ó yọ àti ibi tí ó jìn hàn, òun náà ni ó sì ń fi ojú ọwọ́ oníṣẹ́ hàn. Bí ẹ bá lè dúró di àsìkò ọyẹ́, ẹ tún padà lọ nígbà tí eruku bá ti mú ojú ọ̀run funfun bí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ère tí ó ní ihò máa ń dára jọjọ nígbà náà, nítorí pé ihò náà a di ohun tí ojú lè dì mú.

Ẹ yí i ká. Ère ìgbà yẹn kì í ní iwájú kan ṣoṣo, àwọn tí ó sì wà ní àárín oríta ni wọ́n ṣe kí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ lè máa rí i bí ó ṣe ń yí padà. Ẹ yan òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà tí ọkọ̀ kò ì tíì pọ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn yí i po, kí ẹ sì dúró níbi gbogbo tí ìrísí rẹ̀ bá ti yí padà.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí irú ère bẹ́ẹ̀ sábà máa ń béèrè pé, "Kí ni èyí jọ?" Mo ti gbọ́ ìbéèrè náà lẹ́nu àwọn tí ó kàwé gboyè ju lẹ́nu àwọn ìyá wa lọ. Àwọn àgbà tí ó ń yẹ iṣẹ́ agbẹ́gilére wò ní ilẹ̀ Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nìkan. Wọn a béèrè bóyá ère náà gún, ìyẹn ni pé bóyá ó nàró tí ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì rẹ̀ sì gbé ara wọn. Wọn a béèrè bóyá ó dán, tí ara rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ó sì ń fún òjìji láyè. Wọn a béèrè bóyá ẹni tí wọ́n gbẹ́ wà ní ọ̀dọ́, kódà bí ó jẹ́ arúgbó. Ní ti jíjọra, ìwọ̀nba ni wọ́n ń fẹ́: kí ó jọ ènìyàn, kí ó má sì jọ ẹnìkan pàtó jù. Orí ère Yorùbá a máa tó ìdá mẹ́ta tàbí ìdá mẹ́rin gíga rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé agbẹ́gilére náà kò mọ òṣùwọ̀n. Nígbà tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ sì fẹ́ kí ère jọ ẹni tí ó kú gan-an, wọ́n ṣe àkó, wọ́n wọ aṣọ fún un, wọ́n sì gbé e kiri ìlú. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi jíjọra yẹn ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró níwájú obìnrin símẹ́ńtì tí kò ní ojú, ẹ bi í ní ìbéèrè àwọn àgbà. Ṣé ó gún? Níbo ni ìwúwo rẹ̀ wà? Ibo ni ìmọ́lẹ̀ ń bà lé?

Ohun kan wà tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Àríwá. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí a gbé àwòrán ohun ẹlẹ́mìí kalẹ̀ ní ìta, nítorí náà ni ẹ ó ṣe rí ìkòkò, ìwé, idà, ilẹ̀kùn ìlú, tàbí àwọn ìwo tí ó máa ń wà lórí òrùlé ilé Hausa tí wọ́n ń pè ní zankwaye, tí wọ́n fi ṣe ìrántí níbi tí ará gúúsù yóò ti gbé ère ènìyàn kalẹ̀. Ẹ má ka èyí sí àìtó. Oníṣẹ́ tí kò lè lo ojú àti ẹnu ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ bí ìlà àti ìwúwo ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn kan sì ṣe é lọ́nà tí mo fẹ́ràn ju ti àwọn oníjagunjagun tí ó na idà sókè ní ọ̀pọ̀ oríta wa.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano wó ìrántí tí ó wà ní oríta iwájú ilé ìjọba, èyí tí wọ́n kọ́ ní 2017 fún ayẹyẹ àádọ́ta ọdún ìpínlẹ̀ náà. Ọdún mẹ́fà péré ni ó lò. Ti ìyẹn ní àwòrán lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí pé ayé fóònù ni wọ́n kọ́ ọ. Ère tí wọ́n ṣe ní 1965 kì í ní ju fọ́tò kan tàbí méjì lọ, ìyẹn bí ó bá ní rárá, àwọn fọ́tò náà sì wà nínú àpótí ẹnìkan tí ó ti di arúgbó.

Ẹ mú ìwé, pẹ́ńsù, téèpù ìwọ̀n àti fóònù dání. Bí ère náà bá wà nítòsí ilé ìjọba, bárékè tàbí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé fóònù sókè, kí ìwé àṣẹ náà sì wà lápò yín. Mo ti fi ọ̀sán gbogbo jókòó lórí bẹ́ǹṣì nítorí fọ́tò kan ṣoṣo. Ẹ ya fọ́tò mẹ́jọ yí i ká, kí ènìyàn kan dúró nínú ọ̀kan nínú wọn kí a lè mọ gíga rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ súnmọ́ ọn, kí ẹ ya gbogbo ibi tí ó sán, ibi tí ìpẹtà ti ṣàn, ibi tí orúkọ tàbí ọdún bá wà. Orúkọ oníṣẹ́ sábà máa ń wà nítòsí ẹsẹ̀, ní ìhà ẹ̀yìn, àwọn tí ó ń tún pèpéle ṣe sì ti fi táìsì bo ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀. Ẹ wọn gíga rẹ̀ àti ìbú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é.

Ẹ wá béèrè. Kì í ṣe ọ̀gá iléeṣẹ́ ni yóò mọ̀, nítorí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé òun wá. Ẹ bi maigádì, ẹ bi ìyá tí ó ń ta kókó ní ẹnu ọ̀nà, ẹ bi wẹ́dà àti bírikìlà tí ó ti dàgbà ní àdúgbò. Bí ẹ kò bá gbọ́ Hausa, ẹ mú ẹni tí ó gbọ́ ọ dání. Ní ti ère Kaduna tí mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ti gbà fún ọdún pípẹ́ pé òjò ni ó fa ìlà pupa tí ó ti ọrùn rẹ̀ ṣàn dé ìdí. Maigádì arúgbó kan ni ó rẹ́rìn-ín sí mi tí ó ní omi ni ó máa ń tú jáde láti ẹnu ìkòkò náà nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, pé páìpù irin ṣì wà nínú ọrùn rẹ̀. Mo gun orí àkàbà, mo sì rí ẹnu páìpù náà tí wọ́n ti fi símẹ́ńtì dí. Ère tí mo rò pé mo mọ̀ kò tilẹ̀ pé lójú mi tẹ́lẹ̀: omi jẹ́ ara rẹ̀, òun ni ó sì yẹ kí ó máa gba iwájú ihò àyà yẹn kọjá.

Ẹ fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà sí ibi mẹ́ta, ó kéré tán: ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tí ó ni ère, ọ̀kan ní ilé-ìkàwé tàbí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà yunifásítì tí ó súnmọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀

Ọ̀dà ti pa ọ̀pọ̀ ère dà débi pé ojú lásán kò lè mọ ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Ẹ mú òòfà kékeré kan dání, irú èyí tí ó máa ń wà nínú gbohùngbohùn àtijọ́. Yóò lẹ̀ mọ́ irin, kò ní lẹ̀ mọ́ idẹ, kò sì ní lẹ̀ mọ́ fáíbà. Ẹ fi ìka kàn án lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: fáíbà a dún bí agbè òfìfo, símẹ́ńtì tí ó dì dáadáa a dún líle, símẹ́ńtì tí ó ti ya kúrò lára irin inú rẹ̀ a sì dún wúwúwú. Ohùn ìkẹyìn yìí ni ó yẹ kí ẹ kọ́ etí yín láti mọ̀. Ẹ lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí àwòrán inú ìwé yín, kì í ṣe sí ara ère.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí símẹ́ńtì fi ń bẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo àtúnṣe burúkú ti ń wá. Símẹ́ńtì tuntun ní agbára kan bí ti eérú àti ẹ́ńjà, agbára náà ni ó sì ń dá ààbò bo irin inú rẹ̀ kí ó má baà dógùn-ún. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta àti èéfín ọkọ̀ ń wọ inú símẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń pa agbára yẹn. Ọjọ́ tí ìpààrọ̀ náà bá dé ibi tí irin wà, tí omi sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú, irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí dógùn-ún. Ìpẹtà sì máa ń gba àyè ju irin tí ó ti jáde wá lọ, láti ìlọ́po méjì títí dé ìlọ́po mẹ́fà. Kò sí àyè fún un nínú símẹ́ńtì, nítorí náà yóò ti símẹ́ńtì síta títí tí yóò fi sán, tí ègé yóò sì já bọ́. Ẹ wá wo ère ìgbà yẹn: apá tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn gígùn, ìka tí ó nà jáde. Ibi tí ó lẹ́wà jù nínú rẹ̀ ni símẹ́ńtì ti fẹ́lẹ́ jù lórí irin, ibẹ̀ náà ni yóò sì kọ́kọ́ bẹ́.

Ojú ọjọ́ wa kò ràn án lọ́wọ́. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, òjò Abuja ń wọ gbogbo ojú ibi tí ó sán. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, gbogbo rẹ̀ a gbẹ tán, a sì fà sẹ́yìn. Òru a tutù, ọ̀sán a gbóná. Ìyẹn nìkan kì í pa ère. Ohun tí ó ń pa á ni ọ̀dà nínípọn tí wọ́n kùn mọ́ ọn, nítorí pé omi a máa gba ojú ibi tí ó sán wọlé, kì í sì í rí ọ̀nà jáde mọ́. Ère tí wọ́n ti kùn lẹ́ẹ̀márùn-ún a máa lẹ́wà lójú títí di ọjọ́ tí apá rẹ̀ yóò já.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Fífọ̀, bí ó bá pọn dandan

Dúdú tí ó máa ń hù sára ère ní àsìkò òjò kì í ṣe àrùn. Bí kò bá pa àwòrán mọ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ lo omi mímọ́, ọṣẹ olómi díẹ̀ tí kò ní búlíìṣì nínú, búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ àti fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ibi kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ní ìhà ẹ̀yìn, kí ẹ sì dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ lè rí i nígbà tí ó bá gbẹ. Ẹ fi omi lásán rin ín kí ẹ tó fi ọṣẹ kàn án, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè kí omi ìdọ̀tí má baà fa ìlà sára ibi tí ó gbẹ, kí ẹ wá fi omi púpọ̀ ṣàn án láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Níbi tí etí bá ti sọ fún yín pé ó dún wúwúwú, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Búrọ́ọ̀ṣì onírin, ásíìdì tí àwọn onítáìsì ń lò, ẹ̀rọ tí àwọn tí ń fọ mọ́tò fi ń tú omi, àti bébà gíríkì tí káfíńtà fi ń dán igi: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣí awọ ère kúrò. Awọ yẹn, tí kò nípọn ju èékánná lọ, ni oníṣẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀. Bí ó bá lọ, ó lọ náà nìyẹn.

Ní ti pósítà òṣèlú, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti sùúrù ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ hó o, kí ẹ má sì lo ọ̀bẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ibi tí ó sán

Kì í ṣe gbogbo ibi tí ó sán ni ó ń tẹ̀ síwájú. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ìparí rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, kí ẹ kọ oṣù àti ọdún sí i, kí ẹ sì padà wá lẹ́yìn òjò kan àti ọyẹ́ kan. Bí kò bá kọjá àmì yín, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí ẹ ń dúró, iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí kò kan ara ère rárá: ẹ la ọ̀nà fún omi tí ó ń dúró ní ìdí pèpéle, ẹ gé igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ń gbá a, ẹ wú ọ̀pọ̀tọ́ tí ó ń hù nínú ibi tí ó sán nígbà tí ó ṣì kéré, ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe da omi ìfọgbá lé e lórí lójoojúmọ́. Mo ti rí ère méjì tí irú iṣẹ́ lébìrà yìí nìkan gbà là.

Bí ó bá ń tẹ̀ síwájú, tí ègé sì ń já bọ́, ẹ kó gbogbo ègé náà sínú àpò, kí ẹ kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti já sí i lára, kí ẹ sì wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ère. Bí bírikìlà ni ẹ máa rí, ẹ dúró tì í. Kí ó hó símẹ́ńtì tí ó ti kú kúrò láyìíká irin títí yóò fi kan irin tí ó mọ́, kí ó nu ìpẹtà kúrò, kí ó fi ọ̀dà ààbò sára irin, kí ó tó po símẹ́ńtì. Àpòpọ̀ tuntun kò gbọdọ̀ le ju ti àtijọ́ lọ, nítorí pé àlẹ̀mọ́ tí ó bá le jù yóò ya ti àtijọ́ tí ó rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe àpẹẹrẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí pákó, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ, kí ẹ sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère kí ẹ fi mọ yanrìn tí ó bá a mu. Yanrìn odò Kaduna kò jọ yanrìn tí wọ́n ń wà ní ẹ̀gbẹ́ Abuja, ojú a sì máa rí i láti òkèèrè. Lẹ́yìn tí ó bá ti lẹ̀ ẹ́, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó fún ọjọ́ 7, pàápàá nígbà ọyẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn a fa omi inú símẹ́ńtì jáde kí ó tó dì.

Idẹ

Ti idẹ kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ dúdú tí ó bò ó ni aṣọ rẹ̀, oníṣẹ́ náà sì sábà máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un jáde, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọṣẹ tí a fi ń dán idẹ tàbí oje ọsàn bó o. Ẹ fọ eruku rẹ̀ ní ìparí ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ pa ìda tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó. Bí ẹ bá rí èérún aláwọ̀ ewé fífẹ́lẹ́ tí ó ń já bọ́ bí ìyẹ̀fun, tí ó sì ń padà wá lẹ́yìn tí ẹ nù ún, ìyẹn kì í ṣe aṣọ mọ́. Ẹ wá onímọ̀.

Olè ni ewu rẹ̀ tí ó pọ̀ jù. Ní 2005, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù jí ère idẹ Henry Moore kan tí ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èrò àwọn ọlọ́pàá sì ni pé wọ́n yọ́ ọ tà bí àlòkù irin. Ní oṣù Kejìlá 2011, wọ́n jí ti Barbara Hepworth gbé ní Dulwich Park ní London. Ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn baban bola, ìyẹn àwọn tí ó ń ṣa àlòkù irin, ṣe ń gbé ìdérí gọ́tà lọ ní Abuja kò ní kà á sí ìtàn òkèèrè. Àkọsílẹ̀ yín ni ẹ ó gbé lọ fún ọlọ́pàá, iná alẹ́ àti maigádì tí wọ́n ń san owó rẹ̀ déédéé ni ẹ ó sì bá iléeṣẹ́ náà sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Òfin, àti àwọn tí ó ni ilẹ̀

Òfin tí ó dá àjọ tí ó ń bójú tó àwọn mùsíọ́mù àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ìyẹn òfin 77 ti 1979, ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ sí ohun àtijọ́ bí wọ́n bá ṣe é ṣáájú 1918, tàbí bí wọ́n bá ti lò ó fún ìṣẹ̀ṣe. Ère símẹ́ńtì 1965 kò ṣáájú 1918, kò sì bá ìṣẹ̀ṣe lọ. Ó bọ́ sí àárín: ó ti pẹ́ jù láti jẹ́ tuntun, kò sì tíì pẹ́ tó láti jẹ́ àtijọ́. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí àjọ náà, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ̀kan náà sí National Gallery of Art ní Abuja, tí iṣẹ́ ọnà òde òní jẹ́ ojúṣe rẹ̀. Bí oníṣẹ́ náà bá wà láàyè, ẹ wá a rí. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti 2022 fún un láṣẹ láti tako ẹni tí ó bá yí iṣẹ́ rẹ̀ padà lọ́nà tí ó lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ẹ̀tọ́ tí ó ní lórí iṣẹ́ náà sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lẹ́tà kan láti ọwọ́ rẹ̀ tàbí láti ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ wúwo ju mẹ́wàá tiwa lọ.

Wọ́n ṣe irú ìjà yìí ní ibòmíràn, wọ́n sì borí. Obìnrin onídẹ tí Henry Moore ṣe ní nǹkan bí 1957, tí àwọn ará àdúgbò Stepney ní London ń pè ní Old Flo, wà láàárín ilé àwọn mẹ̀kúnnù títí di 1997 tí wọ́n gbé e lọ sí Yorkshire. Ní 2012, ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ tà á. Àwọn ènìyàn kọ̀, ó sì padà sí ìlà-oòrùn London ní 2017. Ní 2016, wọ́n fi òfin dáàbò bo ère 41 irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkọsílẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: àwọn ènìyàn tí ó ti yí ère ká, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ni ó jẹ́ kí a mọ ohun tí ó kù àti ohun tí ó ti sọnù.

Nígbà tí ẹ bá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléeṣẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn. Ẹ mú fọ́tò àtijọ́ kan lọ, kí ẹ gbé e lé orí tábìlì rẹ̀, kí ẹ sì sọ ẹni tí ó ṣe ère náà àti ọdún tí ó ṣe é. Mo ti rí i tí ọ̀gá kan tí kò mọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ ọnà dìde lórí àga rẹ̀ tí ó lọ wo ère tí ó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá fún ọdún méjì.

Ní ti obìnrin onípáìpù ní Kaduna, wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a lè bó ọ̀dà wúrà náà. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Ọ̀dà olóròóró tí ó bá ti wọ ara símẹ́ńtì kì í jáde láìmú awọ dání, àfi bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bá fi ọjọ́ púpọ̀ dán an wò lórí ibi kékeré. Ṣùgbọ́n mo gun orí àkàbà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí i pé rólà ọmọkùnrin yẹn kò dé inú abíyá òsì rẹ̀. Símẹ́ńtì eléérú náà ṣì wà níbẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 11 ní gígùn àti 6 ní ìbú, ojú àtàǹpàkò mẹ́ta sì hàn lórí rẹ̀, èyí tí ó wà láàárín jìn ju àwọn méjì yòókù lọ. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀, mo sì fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ náà sínú ìwé mi.